Olùkọ́ Kọ́ Olùkọ́: Bí A Ṣe Ń Mú Íntánẹ́ẹ̀tì Wọ Kíláàsì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí a kọ orí ìwé yìí fún ni olùkọ́ tí púríńsípà pè sí ọ́fíìsì lẹ́yìn àpéjọ àárọ̀, tí wọ́n wí fún pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa nǹkan orí fóònù yìí, ẹ bá wa kọ́ àwọn yòókù." Ó ṣeé ṣe kí iléèwé yín má ní yàrá kọ̀ǹpútà, tàbí kó ní in kí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Fóònù ọwọ́ yín, dátà tí ẹ fi owó ara yín rà, àti olùkọ́ mẹ́wàá tí ó ti rẹ̀ nígbà tí aago méjì ọ̀sán bá lù, ìyẹn lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ó tó.

Ìlànà kan ló gbé gbogbo orí yìí ró: ẹ̀kọ́ tí ẹlẹgbẹ́ yín fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ fi kọ́ òun náà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn kọ̀ǹpútà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ ẹ̀yà ara rẹ̀. Olùkọ́ tó fi ọjọ́ méjì jókòó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò gba ìwé-ẹ̀rí, yóò ya fọ́tò, yóò sì padà sídìí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá rí àwòrán kan lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, tó lò ó ní kíláàsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí àwọn ọmọ sì ń nawọ́ béèrè ọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀ ni yóò wá yín wá lọ́jọ́rú.

Iṣẹ́ tí agbègbè wa ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Kíkọ́ olùkọ́ kì í ṣe nǹkan àjèjì níbí. Ní 1896 ni St. Andrew's College fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀yọ́, àwọn tó sì jáde níbẹ̀ di olùkọ́ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1977 ni ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́ kan náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ tí kò ríran, èyí tí kò gbọ́ràn àti èyí tó ní ìpèníjà mìíràn. Ògbómọ̀ṣọ́ ní LAUTECH láti 1990. Lápá Òkè-Ògùn, ní Àgọ́-Àrẹ, wọ́n ti ṣe ẹ̀kọ́ kan rí fáwọn olùkọ́ tí wọ́n pè ní Teachers Talking, níbi tí wọ́n ti ń bá ara wọn sọ ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe fún iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà tó yẹ kí ẹ mú láti Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn àwọn tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ohun tó ran ọmọ lọ́wọ́ yóò ran àgbà lọ́wọ́. Ẹ fi Yorùbá ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín. "Ẹ tẹ ibí, ẹ fà á sókè, ẹ dúró kó ṣí" yé ènìyàn ju gẹ̀ẹ́sì kọ̀ǹpútà tí a tò jọ lọ.

Kí ẹ tó pe ìpàdé

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan palẹ̀ mọ́. Ohun márùn-ún ni kí ẹ mójú tó.

1. Fóònù. Ẹ wádìí irú èyí tó wà lọ́wọ́ olùkọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ní kí wọ́n nawọ́ sókè láàárín èrò, torí kò sí àgbàlagbà tó fẹ́ kí gbogbo yàrá mọ̀ pé fóònù tọ́ọ̀ṣì lòun ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ so wọ́n pọ̀ ní méjì-méjì, ẹni tó ní Android pẹ̀lú ẹni tí kò ní. Bó bá ṣeé ṣe, kí àwọn méjèèjì jọ máa kọ́ iṣẹ́ kan náà.

2. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ mú fóònù tó ní MTN, Airtel àti Glo dání, ẹ rìn yí ọgbà iléèwé ká, ẹ sì ṣí ojúewé kan náà níbi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ lè rí i pé abẹ́ igi tó wà lẹ́bàá géètì dára ju yàrá àwọn olùkọ́ lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé àga lọ sábẹ́ igi.

3. Iná. Ẹ má gbé ìpàdé lé iná IBEDC. Kí gbogbo ènìyàn ti ṣáàjì fóònù wọn wá láti ilé, kí ẹ̀yin náà sì mú pawabáǹkì kan dání.

4. Dátà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fi kún owó wọn, ó sì lè tó ìdajì iye tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, ẹ kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe ṣọ́ dátà wọn. Bí wọ́n bá tẹ *323#, wọn yóò rí iye tó kù. Láti 2023 ni nọ́ńbà yìí ti jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí wọ́n wọ inú WhatsApp, kí wọ́n dá fọ́tò àti fídíò tó ń wọlé fúnra rẹ̀ dúró. Ojúewé tó jẹ́ kìkì ọ̀rọ̀ kì í jẹ dátà púpọ̀. Fídíò ni ọ̀jẹun.

5. Àkókò. Ẹ yẹra fún ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì nítorí ìrun Jímọ̀. Ẹ má fi sí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń máàkì ìdánwò. Ẹ rántí pé àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Akẹ̀sán tàbí ní Tàkí tí wọ́n fẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Wákàtí kan lọ́sẹ̀ tó, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí púríńsípà bá lè yọ̀ǹda àkókò kan nínú wákàtí iléèwé gan-an, ẹ tètè gbà á.

Ẹ tún bẹ púríńsípà tàbí ẹ̀dimásítà pé kí wọ́n jókòó sí ìpàdé àkọ́kọ́, kí wọ́n mú fóònù tiwọn náà wá. Bí ọ̀gá bá jókòó tí wọ́n ń kọ́ ọ, kò sẹ́ni tí yóò ní òun ti dàgbà jù.

Ìpàdé kìíní: wíwá ohun tí a fẹ́ kọ́

Kí olúkúlùkù mú síkímù àti nóòtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wá. Ìbéèrè tí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ ni pé, "Ibo ni kì í yé àwọn ọmọ nínú ẹ̀kọ́ yìí?" Olùkọ́ Báyọ́lọ́jì lè ní bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú ọkàn kọjá ni. Ti Jọ́gíráfì lè ní òkè ayọnáyèéfín ni, torí kò sí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá a pàdé lọ́nà oko rí. Ibi tí kò yé ọmọ yẹn ni ẹ jọ máa wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó ti yé wọn kò nílò fóònù.

Ẹ kọ́ wọn ní ọgbọ́n mẹ́ta péré. Àkọ́kọ́, kí ọ̀rọ̀ ìwárí kéré kó sì ṣe pàtó. "Volcano diagram labelled" yóò mú àwòrán tó ní orúkọ ẹ̀yà wá, nígbà tí gbólóhùn gígùn yóò mú oríṣiríṣi wá. Èkejì, kí wọ́n fi ìpele ọmọ kún un, bíi "JSS 2", kí ojúewé tí wọ́n kọ fún yunifásítì má baà kún ojú fóònù. Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá fẹ́ gbólóhùn kan bó ṣe wà gẹ́lẹ́, kí wọ́n fi àmì ìfàyọ bò ó lẹ́yìn àti níwájú.

Kí olùkọ́ Yorùbá má ṣe rò pé òun kò ní ìpín. Wikipedia wà lédè Yorùbá, àwọn ojúewé rẹ̀ sì lé ní 30,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrú, àwọn míì kò ní àmì ohùn tó péye. Ìyẹn gan-an lè di iṣẹ́ kíláàsì: kí olùkọ́ da ìpínrọ̀ kan kọ sójú bọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ SS 1 fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe.

Òfin kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ rú: ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tí ẹ ń kọ́. Ọwọ́ tirẹ̀ ni kó fi tẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ pẹ́. Bí ẹ bá gbà á, tí ẹ ṣe é wéré, tí ẹ dá a padà, iṣẹ́ ni ẹ bá a ṣe, ẹ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ẹ fi ẹnu júwe. Bí ọwọ́ bá ń yún yín, ẹ ká a sẹ́yìn.

Kí ẹnikẹ́ni má dìde láìkọ nǹkan kan sínú nóòtì rẹ̀: àwòrán kan tó máa yà sójú bọ́ọ̀dù, àpẹẹrẹ tuntun kan, tàbí ìbéèrè márùn-ún tó máa bi àwọn ọmọ.

Ìpàdé kejì: yíyẹ ohun tí a rí wò

Ìpàdé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí olùkọ́ tó kó irọ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ kíláàsì ti fún irọ́ náà ní àṣẹ olùkọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ kọ sórí pátákó: Ta ló kọ ọ́? Ìgbà wo ló kọ ọ́? Ta ló tún sọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i?

Ẹ má fi àpẹẹrẹ òkèèrè kọ́ ọ. Ní Ọ̀yọ́, ẹ ní kí wọ́n wá ọdún tí Aláàfin Làmídì Adéyẹmí III gorí ìtẹ́. Ojúewé kan yóò sọ 1970, òmíràn yóò sọ 1971. Ẹ má sọ èyí tó tọ̀nà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á síwájú títí wọn yóò fi rí i pé ọ̀kan ń ka oṣù Kọkànlá 1970 tí ọ̀rọ̀ oyè náà já sí wọn lọ́wọ́, èkejì sì ń ka ètò ìwúyè tó wáyé ní oṣù Kìíní 1971. Olùkọ́ tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ pé kí òun tó pe ẹnì kan lónírọ́, kí òun kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń kà.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ní kí wọ́n wá orúkọ Ṣọ̀ún. Wọn yóò rí ojúewé tó ṣì ń pe Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbadé III ní ọba tó wà lórí ìtẹ́. Kábíyèsí náà wàjà ní oṣù Kejìlá 2021. Ọba Ghandi Afọlábí Ọláoyè ló jẹ lẹ́yìn wọn ní 2023. Ojúewé àtijọ́ náà kò purọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ni ẹni tó ń kà á kò wò.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ Samuel Johnson kún un. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́ ni, kó sì tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ẹnu àwọn arókin ààfin ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ. Ọdún 1921 ni wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lónìí, ìwé náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí archive.org, ẹnikẹ́ni lè gbà á sórí fóònù. Ẹ bi àwọn olùkọ́ Hísítìrì pé: nígbà tí ojúewé kan bá sọ ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé, ṣé Johnson ló ń tún sọ, àbí ó ní ẹlẹ́rìí mìíràn? Bí ojúewé mẹ́wàá bá da ìwé kan ṣoṣo kọ, ẹlẹ́rìí kan ni wọ́n, wọn kò tíì di mẹ́wàá.

Ilé-iṣẹ́ Wikimedia, tó ni Wikipedia, ní ètò kan fún irú iṣẹ́ yìí tí wọ́n pè ní Reading Wikipedia in the Classroom. Ní Bolivia, Morocco àti Philippines ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, ìwé atọ́nà rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún olùkọ́ tó bá fẹ́ kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ lè yọ eré ìdárayá díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi àpẹẹrẹ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ rọ́pò tiwọn.

Kí ẹ tó tú ká, kí olúkúlùkù ṣí WhatsApp rẹ̀, kó mú ìkéde kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ yẹn, kó sì fi ìbéèrè mẹ́ta yẹn wọ̀n ọ́n. Ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò sì rí ìkéde ìjọba tí kì í ṣe ti ìjọba.

Ìpàdé kẹta: kíkó o jọ kí a tó wọ kíláàsì

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Olùkọ́ tó bá fi ojú kíláàsì wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi ogún ìṣẹ́jú wo àmì kékeré tó ń yí bírí lójú fóònù, ariwo àwọn ọmọ yóò sì ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dimásítà. Ohun gbogbo tí a fẹ́ lò gbọ́dọ̀ ti wà nínú fóònù ṣáájú. Àwọn ohun tí ẹ lè kọ́ wọn láti dáùnlóòdù nìyí:

Kiwix. Áàpù ọ̀fẹ́ ni, láti 2007 ló ti wà. Ó ń jẹ́ kí ènìyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Odindi Wikipedia gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán tó nǹkan bí 100 GB, kò sí fóònù olùkọ́ tó máa gba ìyẹn. Ẹ mú ẹ̀dà tó kéré, tàbí èyí tó jẹ́ ti iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ti Yorùbá fúyẹ́ gan-an.

PhET. Yunifásítì Colorado tó wà ní Boulder ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2002 lábẹ́ Carl Wieman, ẹni tó ti gba ẹ̀bùn Nobel fún Físíìsì ní 2001. Ó jẹ́ àkójọ ìdánrawò sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí ọmọ lè fi ọwọ́ yí padà lójú ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n pè ní Circuit Construction Kit yóò wúlò gan-an fún iléèwé tí kò ní bátìrì, gílóòbù àti wáyà nínú láàbù: ọmọ á so wáyà, á rí i tí gílóòbù tàn, á já wáyà kan, á rí i tó kú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣeé gbà sílẹ̀, kó sì ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Nigeria Learning Passport. UNICEF, Microsoft àti ìjọba àpapọ̀ ló gbé e jáde ní 2022. Ẹ̀kọ́ tó bá ìlànà iṣẹ́ ti Nàìjíríà mu ló wà níbẹ̀, ó sì ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹni kan ni kó gba fáìlì sílẹ̀, kó pín in fún àwọn yòókù pẹ̀lú Xender tàbí Quick Share, tí kì í jẹ dátà. Fáìlì 20 MB tí olùkọ́ mẹ́wàá bá gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ 200 MB. Bí ọ̀kan bá gbà á tó sì pín in, 20 MB náà ni. Kí wọ́n sì fún fáìlì ní orúkọ tó ní làákàyè, bíi "JSS2-ina-ose4". Ẹni tó bá jẹ́ kó máa jẹ́ "VID-0047" kò ní rí i lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.

Ìpàdé kẹrin: kíláàsì gan-an

Ẹ má ṣe ìpàdé yìí nínú yàrá àwọn olùkọ́. Kí olùkọ́ kan kọ́ ẹ̀kọ́ tó ti pèsè sílẹ̀, kí ẹnì kejì rẹ̀ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò àti ìwé. Olùwòran kò gbọdọ̀ dá sí i. Ohun mẹ́ta ló máa kọ: ohun tí àwọn ọmọ ṣe, ohun tí fóònù ṣe, àti ìṣẹ́jú tó ṣòfò. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kí ẹni tó kọ́ ọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí olùwòran tó sọ tirẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kí wọ́n pààrọ̀ ipò.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ yóò ní, "Ọmọ ọgọ́ta ló wà ní kíláàsì mi, fóònù kan ni mo ní." Ọ̀pọ̀ iléèwé ìjọba kì í sì í gbà kí ọmọ mú fóònù wá. Ọ̀nà mẹ́ta wà tí wọ́n lè gbé e gbà.

Ọ̀nà kìíní: fóònù kì í wọ kíláàsì rárá. Olùkọ́ á wo àwòrán ní ilé, á yà á sójú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ méjì. Àwọn ọmọ kò ní mọ̀ pé íntánẹ́ẹ̀tì wà nídìí ẹ̀kọ́ náà, ó sì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì: ohùn. Ìròyìn, ìtàn, ewì tàbí bí ọmọ gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ẹ so sípíkà kékeré mọ́ fóònù, gbogbo kíláàsì á gbọ́.

Ọ̀nà kẹta: ẹgbẹ́ mẹ́fà. Ọmọ mẹ́wàá-mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kan á wà nídìí fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn márùn-ún yòókù á máa ṣe iṣẹ́ tó wà lójú bọ́ọ̀dù, wọn á sì máa yí i ká. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn. Nínú àkókò ogójì ìṣẹ́jú, mẹ́wàá ló kù: márùn-ún fún àlàyé níbẹ̀rẹ̀, márùn-ún fún ìbéèrè níparí. Iṣẹ́ ojú bọ́ọ̀dù ni kó lágbára jù, torí ibẹ̀ lọmọ ti ń lo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Bí ẹ ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ nínú iṣẹ́ yìí

Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ẹ ń kọ́ ti máa kọ́ ọmọ kí wọ́n tó bí yín. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ mọ bí a ṣe ń tẹ fóònù. Àwọn mọ ìdí tí ọmọ fi ń ṣi ìdá mú nínú ìṣirò, èyí tí ojúewé kankan kò lè sọ fún yín. Ẹ béèrè tiwọn kí ẹ tó fún wọn ní tiyín: "Mọ́mì, báwo lẹ ṣe máa ń ṣàlàyé ibí yìí fún wọn?" Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá a máa rí àwòrán tó máa gbè é lẹ́sẹ̀."

Ẹ má sọ pé "Ó rọrùn." Ẹni tí kò rọrùn fún yóò gbọ́ ọ bí èébú. Ẹ má fi àgbà kan ṣe àpẹẹrẹ àṣìṣe lójú àwọn ọ̀dọ́. Bí wọ́n bá tẹ ibi tí kò yẹ, ẹ tẹ́ ohùn sílẹ̀ kí ẹ ní, "Ẹ tẹ ọfà tó ń wo ẹ̀yìn yẹn, sà, ó máa padà sí ibi tó wà."

Bí olùkọ́ kan nínú yín kò bá ríran, kì í ṣe ìdí láti yọ ọ́ sílẹ̀. TalkBack wà lórí Android, ó ń ka ohun tó wà lójú fóònù jáde. NVDA ń ṣe iṣẹ́ kan náà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ sì ni. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lò jù yín lọ. Ẹ ní kó kọ́ yín.

Ìkìlọ̀ tí ẹ kò gbọdọ̀ fò

Fọ́tò ọmọ. Òfin tó ń dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, kò yọ iléèwé sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ojú ọmọ sórí Facebook tàbí WhatsApp láìgba àṣẹ òbí. Bí ẹ bá fẹ́ fi iṣẹ́ hàn, ẹ ya fọ́tò ojú bọ́ọ̀dù tàbí ìwé ọmọ láìfi orúkọ hàn.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá. Láti ìgbà tí ChatGPT ti jáde ní oṣù Kọkànlá 2022, nóòtì ẹ̀kọ́ ti di ohun tí fóònù lè kọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má bá àwọn ẹlẹgbẹ́ yín jà nítorí rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìbéèrè mẹ́ta ìpàdé kejì wọ̀n ọ́n, torí ẹ̀rọ náà lè fi ìgboyà sọ ohun tí kò sí. Ní ìlú Benin, láàárín oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2024, Báǹkì Àgbáyé àti ìjọba ìpínlẹ̀ Edo jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama lo ọgbọ́n àtọwọ́dá Copilot fún gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn wákàtí iléèwé. Máàkì àwọn tó wà níbẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ fi kọ́gbọ́n ni pé olùkọ́ tó ti gba ẹ̀kọ́ ló ń darí wọn, wọn kò fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ.

Gbájú-ẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni àwọn oníjìbìtì ń wá. Ẹ sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé: ilé ìfowópamọ́ kì í béèrè OTP tàbí PIN lórí fóònù, àjọ kankan kì í sì í gba owó kó tó fún olùkọ́ ní ẹ̀bùn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin

Ibi tí irú ètò yìí ti máa ń kú nìyí. Ìpàdé ti parí, kò sí ẹni tó tún béèrè. Ẹ ṣe ohun mẹ́rin.

Ẹ dá gúrúùpù WhatsApp kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ nìkan. Kò sí ìkíni káàárọ̀ aláwòrán, kò sí àdúrà, kò sí òṣèlú níbẹ̀. Fáìlì kan tàbí ìbéèrè kan lọ́sẹ̀ ló tó fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ní ìwé kan ní yàrá àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń kọ ọjọ́, kíláàsì, ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n lò àti bó ṣe rí sí. Ìlà kan tó. Ìwé náà yóò wúlò nígbà tí TRCN tàbí ìjọba bá béèrè ẹ̀rí pé olùkọ́ ń kọ́ ohun tuntun lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ wá olùkọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kan náà ní ìlú kejì. Láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bí 50 kìlómítà, ẹ kò sì ní láti wọ ọkọ̀. Olùkọ́ Físíìsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti èyí tó wà ní Ọ̀yọ́ lè pín fáìlì láàárín ara wọn, kí wọ́n bi ara wọn pé báwo ló ṣe lọ ní kíláàsì.

Ẹ fi ojú sí ìlọsíwájú wọn. UNESCO, nínú ìlànà tí wọ́n tún ṣe ní 2018 fún olùkọ́ tó ń lo ẹ̀rọ, pín in sí ìpele mẹ́ta: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní ìmọ̀, ẹni tó ń jìn sí i, àti ẹni tó ń dá ohun tuntun. Níbi tiwa, ẹni tó ń wá àwòrán wà ní ìkìíní, ẹni tó fi kọ́ ẹ̀kọ́ tó yàtọ̀ wà ní ìkejì, ẹni tó ṣe ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí olùkọ́ mìíràn wá gbà lò ti dé ìkẹta.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí kò fi lè dúró pẹ̀lú yín nìkan: láti 2015 ni kọ̀ǹpútà ti di ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n ń gbà ṣe ìdánwò JAMB. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀rọ yóò bá ẹ̀rọ pàdé fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì. Ẹ kò lè dá kọ́ gbogbo olùkọ́ iléèwé yín, a sì lè gbé yín lọ sí iléèwé mìíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ìdánwò tí ẹ ó fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín yọrí ni èyí: ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó tẹ̀lé e, ẹ mú méjì nínú àwọn tí ẹ kọ́, ẹ fún wọn ní olùkọ́ márùn-ún márùn-ún àti orí ìwé yìí, kí wọ́n darí ìpàdé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra wọn. Ẹ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò àti ìwé, ẹ má sì dá sí i.